Kí A Tó So Kẹ̀kẹ́ Àwọn Ọmọ Mọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a wọ bọ́ọ̀sì ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní Koumassi, níbí ní Abidjan, a forí lé Grand-Bassam. Bàbá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè é. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ọjà ló ń fi bọ́ọ̀sì náà kó, ṣùgbọ́n tó bá ti di òpin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ìdílé ni. Àwa márùn-ún la wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ Táíwò àti ti Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn, lára àkàbà irin tí wọ́n fi ń gun òrùlé ọkọ̀. Okùn ọ̀rá la fi dì wọ́n. Èmi gan-an bá wọn fà á, mo sì rò pé ó le dáadáa.

A ò tíì kọjá Gonzagueville tán nígbà tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè lẹ́yìn wa kíkankíkan. Bàbá Ìbejì tẹ bíréékì. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ la gbọ́ gbàgà! Kẹ̀kẹ́ Kẹ́hìndé ti já bọ́ sójú títì. Ọkùnrin kan tó gun alùpùpù lẹ́yìn wa yà bàrá, ó gba ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà kọjá, díẹ̀ ló sì kù kó kó sẹ́nu ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó ń bọ̀.

Ó dúró níwájú wa. A sọ̀ kalẹ̀, a ti ń múra láti gba èébú, nítorí pé ó tọ́ sí wa. Kò bú wa. Ó kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì fi èdè Faransé sọ gbólóhùn kan tí mi ò tíì gbàgbé: “Ẹ̀gbọ́n, mo rí kẹ̀kẹ́, mi ò rí iná yín.”

Òótọ́ ló sọ. Táyà kẹ̀kẹ́ kan ti bo iná ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, aṣọ tí a fi wé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kejì kó má baà ha ọ̀dà ọkọ̀ sì ti bo ìdajì pátákó nọ́ńbà. Nígbà tí Bàbá Ìbejì tẹ bíréékì, ẹni tó wà lẹ́yìn wa kò mọ̀ pé a ń dúró.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi àwọn mẹkáníìkì àti àwọn wẹ́dà léèrè, tí mo sì ń ka ìwé ìlò ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń jù sínú àpótí láìṣí i. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí, nítorí mo mọ̀ pé ìdílé wa nìkan kọ́ ló ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ àkàbà.

Kí la ń pè é ná?

Iṣẹ́ ìmọ̀ èdè ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn bàbá wa ń pe báísíkù ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Lóde òní, tí ẹ bá sọ pé “kẹ̀kẹ́” fún ará Nàìjíríà, ó lè jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò ló máa wá sí i lọ́kàn. Àwọn Dioula tí a jọ ń tajà ní Adjamé ń pè é ní nɛgɛso, ìyẹn ẹṣin irin. Irin tí a fi ń gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ ni gbogbo Abidjan ń pè ní porte-vélo. Nílé wa, irin agbékẹ̀kẹ́ la sọ ọ́, orúkọ náà sì ti mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu. Òun náà ni màá máa lò níbí.

Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà

Àkàbà ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í ṣe irin agbékẹ̀kẹ́. Ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún, kó fi gun òrùlé lọ gbé ẹrù sí i. Kò ní ibi tí kẹ̀kẹ́ ń jókòó sí, kò sì ní ohun tó lè dá a dúró tó bá ń mì síwá sẹ́yìn.

Èkíní nínú àwọn tó jẹ́ irin agbékẹ̀kẹ́ lóòótọ́ ni oníbẹ́líìtì. Irin méjì tó nà síta bí apá ló ní, fọ́ọ̀mù wà níbi tó ti ń fara kan ọkọ̀, bẹ́líìtì mẹ́rin tàbí mẹ́fà tó ní ìkọ́ lẹ́nu sì ń mú un mọ́ etí ilẹ̀kùn. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù lọ lọ́jà, òun ló sì fúyẹ́ jù. Kẹ̀kẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń gbé, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é sì máa ń kọ sí i lára ni kílò 15 fún kẹ̀kẹ́ kan.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ kan pàtó. Bọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin ìdè ilẹ̀kùn lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì jókòó sára ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì ìdílé ló bá a mu jù. Èyí tí wọ́n ṣe fún Toyota kò ní bá Volkswagen mu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé “ó máa wọlé.”

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń jókòó sórí irin ìfàkọ̀, ìyẹn irin olórí roboto tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn. Orí roboto yẹn sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 50. Òun ló lágbára jù, nítorí pé egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n irin ìfàkọ̀ náà ní ìwọ̀n ohun tó lè gbé lórí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ tàbí sínú ìwé ọkọ̀, ó sì sábà máa ń wà láàárín kílò 50 sí 100.

Inú iṣẹ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ Thule ti orílẹ̀-èdè Sweden ti di olókìkí káàkiri ayé. Ọdún 1942 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, pańpẹ́ ẹja sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà. Iṣẹ́ ẹja àti iṣẹ́ irin jọra níbì kan: ohun tí ẹ mú kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn

Ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ jáde lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yín. Oríṣi ilẹ̀kùn méjì ló wọ́pọ̀ lára bọ́ọ̀sì.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ń ṣí sókè, ẹ wo ọ̀pá oníafẹ́fẹ́ méjì tó ń gbé e dúró. Ìwọ̀n ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n ṣe ọ̀pá yẹn fún. Tí kẹ̀kẹ́ bá wà lára ilẹ̀kùn tí ẹ sì ṣí i, ó lè já lulẹ̀ lé ẹni tó tẹ̀ba sábẹ́ rẹ̀ lórí. Nítorí náà, kí ẹ kọ́kọ́ sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Èyí sì túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí ẹ máa nílò lójú ọ̀nà, omi, oúnjẹ, aṣọ ọmọ, gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ lè tó láti iwájú.

Bó bá jẹ́ aláwẹ́ méjì tó ń ṣí sọ́tùn-ún sósì, tí irin agbékẹ̀kẹ́ sì nà láti awẹ́ kan dé èkejì, kò ní sí èyí tó máa ṣí. Bí ẹ bá sì gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ awẹ́ kan, irin ìdè awẹ́ kan náà ló máa ru gbogbo ẹrù. Ẹ mú etí ilẹ̀kùn náà, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀. Tó bá ń mì, irin ìdè ti jẹ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ẹ máa gbé kẹ̀kẹ́ kọ́.

Ẹ fọwọ́ tẹ ara ilẹ̀kùn náà. Páànù tó wà níta tín-ín-rín, ó ń tẹ̀ wọlé bí agolo. Egungun ilẹ̀kùn wà níbi etí rẹ̀ àti ní ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ibẹ̀ ni kí fọ́ọ̀mù irin agbékẹ̀kẹ́ fara tì, kò gbọdọ̀ jẹ́ àárín páànù, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ara gíláàsì àyàfi tí ìwé tó bá a wá bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀já fi ń kọ́ wa

Kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ méjì tí ọmọdé lè gbé yóò fi da ilẹ̀kùn irin láàmú? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti pọnmọ rí. Nígbà tí ọmọ bá lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tímọ́tímọ́, ìyá lè rìn títí. Bí ọ̀já bá dẹ̀, tí ọmọ sì ń fì sẹ́yìn, ọmọ kan náà yóò wúwo sí i, ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá. Ọmọ kò sanra sí i o. Bó ṣe jìnnà sí ẹ̀yìn ló mú un wúwo.

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ rí. Tí ó bá jìnnà sí ilẹ̀kùn ní ìgbọ̀nwọ́ kan, irin ìdè òkè ń rí i bí ẹrù tó pọ̀ ju ohun tí òṣùwọ̀n sọ lọ. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ tó wúwo jù ni kó sún mọ́ ọkọ̀ jù, èyí tó fúyẹ́ ni kó wà níta.

Ẹ wá fi ọ̀nà wa kún un. Gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò tàbí tó gun òkè kékeré tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù, ẹrù á kọ́kọ́ fò, á sì já wálẹ̀. Lákòókò yẹn, kílò 30 lè fa ilẹ̀kùn bí ẹni pé kílò 60 ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kó ẹrù dé góńgó ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára irin náà.

Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ gun òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ara yín, kí ẹ wo iye tó sọ, kí ẹ tún gbé kẹ̀kẹ́ dání gùn ún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì ni ìwọ̀n kẹ̀kẹ́. Ti àwọn ìbejì wọn kílò 10 níkọ̀ọ̀kan, ti Bàbá Ìbejì wọn 15. Kílò 35 lápapọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ orí irin ìfàkọ̀ lẹ ti fẹ́ gbé e, ẹ rántí pé irin agbékẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n: ọ̀pọ̀ wọn tó kílò 15 sí 20. Bí irin ìfàkọ̀ bá lè gbé 75, tí irin agbékẹ̀kẹ́ sì jẹ́ 18, ó ku 57 fún kẹ̀kẹ́.

Bí a ṣe ń dè é

Ẹ nu ara ilẹ̀kùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn tó bá wà lábẹ́ fọ́ọ̀mù yóò ha ọ̀dà ọkọ̀ bí sáńpépà.

Ẹ de bẹ́líìtì òkè kọ́kọ́, nítorí pé òun ló ń gbé ẹrù. Lẹ́yìn náà ni ti ìsàlẹ̀, tí kò ní jẹ́ kó fò sókè. Ti ẹ̀gbẹ́ ló kẹ́yìn, òun ni kò ní jẹ́ kó yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ fa gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìtẹ̀léra, ẹ má fa ẹyọ kan dópin kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ rí i pé ìkọ́ kọ̀ọ̀kan mú etí irin, kì í ṣe rọ́bà tàbí ike. Ẹ ká ìdí bẹ́líìtì tó bá ṣẹ́kù kúrò nílẹ̀, kí táyà má baà fà á.

Tí irin náà bá ti dúró, ẹ dì í mú, kí ẹ mì í tagbáratagbára. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mì pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá jẹ́ irin nìkan ló mì, ẹ tún un dè.

Bí ẹ bá ń gbé kẹ̀kẹ́ sí i, ẹ kọ wọ́n lódìkejì ara wọn: ọwọ́ ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọwọ́ èkejì sósì, kí wọ́n má baà ha ara wọn. Ẹ yí ẹsẹ̀ tí a fi ń wà á kúrò níbi gíláàsì. Ẹ de táyà iwájú mọ́ irin kẹ̀kẹ́ kó má baà máa yí. Ẹ yọ ife omi, fìtílà, àpò àti ohunkóhun tó lè bọ́. Ẹ wo ibi tí páìpù èéfín wà: atẹ́gùn gbígbóná tó ń jáde níbẹ̀ lè yọ́ táyà kẹ̀kẹ́ tó bá wà níwájú rẹ̀.

Okùn ọ̀rá máa ń dẹ̀ bó ṣe ń mì, rọ́bà tí a gé lára tíúbù àtijọ́ náà sì máa ń nà. Wọ́n lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe arọ́pò rẹ̀.

Bó bá jẹ́ wẹ́dà ló máa bá yín ṣe é

Àwọn wẹ́dà Abidjan mọ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n sì ti bá tún ọkọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni kí ẹ bá wẹ́dà yín sọ kó tó tan iná. Èkíní, kó má jó irin mọ́ páànù ilẹ̀kùn. Egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kí bọ́ọ̀tù wọ̀, kí pátákó irin sì wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì láti pín ẹrù káàkiri, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí kì í tú fúnra rẹ̀. Èkejì, kó di ẹnu páìpù irin náà, kó sì fi ọ̀dà ìdènà ìpẹtà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ọ̀dà gidi sí i. Afẹ́fẹ́ òkun wa níbí ní iyọ̀, inú sì ni páìpù ti ń dípẹtà kí ojú tó rí i. Ẹ̀kẹta, kó fi ààyè sílẹ̀ fún iná àti nọ́ńbà ọkọ̀. Kó tó jó o pa, kí ó kọ́kọ́ gbé e dúró, kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lé e, kí ẹ sì jọ wò ó láti ẹ̀yìn.

Iná àti nọ́ńbà

Ibí yìí ni mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdéhùn ìrìnnà ojú títì tí wọ́n ṣe ní Vienna lọ́dún 1968, tí Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà jọ wà nínú rẹ̀, sọ pé ẹrù kò gbọdọ̀ bo iná ọkọ̀, títí kan iná bíréékì àti iná ìyàgbà, kò gbọdọ̀ bo nọ́ńbà ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ́ nílẹ̀ tàbí já bọ́ sójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo sọ, a rú gbogbo rẹ̀ pátá láàárín ìdajì wákàtí.

Bí kẹ̀kẹ́ bá bo iná, àtúnṣe rẹ̀ ni pátákó oníná tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó ní iná bíréékì, iná ìyàgbà àti àyè nọ́ńbà, wáyà rẹ̀ sì ń wọ ihò iná tó wà nídìí irin ìfàkọ̀. Bí ọkọ̀ yín kò bá ní ihò yẹn, ẹ pe oníná ọkọ̀ kó ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ àdúgbò kàn já wáyà pọ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì. Kí ẹnìkan jókòó sídìí ọkọ̀, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 20. Bíréékì. Ọ̀tún. Òsì. Iná alẹ́. Kí ẹni ẹ̀yìn máa dáhùn pé “mo rí i.” Kó tún ka nọ́ńbà ọkọ̀ sókè. Bí ó bá ṣi ẹyọ kan kà, ẹ má tíì lọ.

Lójú ọ̀nà

Ẹ dúró lẹ́yìn kìlómítà 10 àkọ́kọ́, kí ẹ tún bẹ́líìtì fà. Fọ́ọ̀mù máa ń tẹ̀ wọlé díẹ̀, bẹ́líìtì á sì dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. Ẹ dín eré kù. Ẹ rántí pé ọkọ̀ yín ti gùn sí i lẹ́yìn, kí ẹnìkan sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń rìn sẹ́yìn. Bí ẹ bá dúró jẹun, ẹ ti kẹ̀kẹ́ mọ́ irin pẹ̀lú ṣéènì. Bí ẹ kò bá gbé kẹ̀kẹ́, ẹ yọ irin náà sílé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bi mí pé: ti ọ̀nà Èjìgbò ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ ìdílé láti Abidjan ló ń gba Ghana, Togo àti Benin lọ sílé, àwọn ọmọ sì máa ń fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ wọn lọ fi han àwọn ọmọ àbúrò bàbá. Ààlà mẹ́rin ni ẹ máa kọjá, Noé, Aflao, Hillacondji àti Sèmè, ẹ ó sì dúró níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlọ́pàá. Èrò tèmi ni pé kí ẹ tú táyà kẹ̀kẹ́, kí ẹ wé e sínú aṣọ àtijọ́, kí ẹ gbé e sínú ọkọ̀. Irin agbékẹ̀kẹ́ dára fún ọ̀nà Bassam. Fún ọ̀nà tó gba ọjọ́ méjì, tó sì ní alẹ́ nínú, inú ọkọ̀ ló yẹ kẹ̀kẹ́.

A tún lọ sí Bassam lẹ́yìn oṣù kan, pẹ̀lú irin agbékẹ̀kẹ́ orí irin ìfàkọ̀ àti pátákó oníná. Àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Quartier France, tí UNESCO fi sára àwọn ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 2012, tẹ́jú bí ẹní, ọ̀nà rẹ̀ sì dára fún ọmọ tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Àwọn ìbejì gùn ún títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí a fẹ́ padà, Bàbá Ìbejì wọlé sídìí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí Kẹ́hìndé ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ka ìṣísẹ̀ 20 sẹ́yìn, ó dúró, ó káwọ́ pọ̀n bí ọ̀gá ọlọ́pàá.

“Bíréékì!”

Bàbá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

“Mo rí i, Dádì.”

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa náà ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ọmọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, lórí alùpùpù, tó ń wo iná wa kó tó mọ̀ bóyá kó dúró. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́ kó rí i.